Ìbéèrè kan lójúmọ́ lójú pátákó: ẹ bá mi dá sí i

Akọ̀wé Àkókà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì àti ìwé títà ní Àkókà, lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbà relé lọ́sàn-án. Mo ti ra pátákó dúdú kan, mo fẹ́ máa gbé e síta láràárọ̀ kí n kọ ìbéèrè kan sí i, lórí èdè wa, ìtàn Èkó, àti ìgbésí ayé àwọn èèyàn ńlá. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa kọ ìdáhùn sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ gbà á máa gba bírò tàbí nóòtù kékeré.

Ohun tó fà á ni pé àwọn ọmọ yìí mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Yúróòpù látòkè délẹ̀, wọ́n sì ń gba Herbert Macaulay Way kọjá lójoojúmọ́, wọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Macaulay. Ó ń dùn mí. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí náà. Ohun tí à ń fi ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp, "ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe báyìí, ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe tọ̀hún", kì í bára mu rárá. Mi ò fẹ́ kọ irọ́ sójú pátákó fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ jọ̀ọ́, irú ìbéèrè wo ló dára? Báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀ pé ìdáhùn fẹsẹ̀ múlẹ̀? Ṣé kí n sì kọ ọ́ ní Yorùbá pátápátá ni, àbí kí n fi Gẹ̀ẹ́sì lú u?

Ìyá Lẹ́sìn, Bàrígà

Àbúrò, Ọlọ́run á bù kún ọjà yín. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́sìn, ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn ilé-ìwé, nírọ̀lẹ́, n ó sọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn fún yín. Ìbéèrè tó dáa jù lọ ni èyí tí ọmọ máa gbé délé lọ bi màmá àgbà. Tí ẹ bá béèrè ohun tí Google máa dáhùn ní ìṣẹ́jú kan, fóònù ló máa gba bírò yín.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ owó. "Kọ́bọ̀ mélòó ni ṣílè kan? Kí nìdí?" Ọmọ kò mọ ṣílè, ṣùgbọ́n ẹni tó bí bàbá rẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n sì pààrọ̀ pọ́n-ùn kan sí náírà méjì. Ogún ṣílè ló wà nínú pọ́n-ùn, nítorí náà ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún, tọ́rọ́ sì di kọ́bọ̀ méjì àbọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ṣe ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè títí owó náà fi kúrò lọ́wọ́ wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí, ìṣirò wà níbẹ̀, ìtàn wà níbẹ̀, màmá àgbà sì rí nǹkan sọ lọ́jọ́ náà.

Tíṣà Àgbà, Yábàá

Ẹ káalẹ́ o. Mo kọ́ni ní ìtàn títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ "ẹni àkọ́kọ́" yìí ni n ó dáhùn nítorí òun ló ń ba nǹkan jẹ́ jù.

Akọ̀wé, kò burú láti béèrè ẹni àkọ́kọ́. Ohun tó burú ni kí ìbéèrè náà má ní odi. Ẹ wo èyí: "Ta ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ dókítà ní Nàìjíríà?" Ọmọ kan á kọ Agnes Yewande Savage. Òmíràn á kọ Elizabeth Awoliyi. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ìjà á bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín. Savage, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Edinburgh ní 1929, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ló ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Awoliyi, tí wọ́n bí sí Èkó níbí, gboyè ní Dublin ní 1938, ó sì padà wálé wá tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn Massey Street. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Obìnrin wo ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dókítà nínú Nàìjíríà?" tàbí "Obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wo ló kọ́kọ́ gboyè ìṣègùn, ọdún wo sì ni?" Kálukú á rí àyè tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn agbẹjọ́rò. Christopher Sapara Williams di agbẹjọ́rò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1879, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́. Láàárín àwọn obìnrin, Stella Thomas ló kọ́kọ́ di agbẹjọ́rò, ní 1933, ó sì di adájọ́ májísíréètì ní 1943. "Agbẹjọ́rò àkọ́kọ́" nìkan kò tó, ẹ fi ọkùnrin tàbí obìnrin sí i, ẹ fi ilẹ̀ tí ẹ ń wí sí i.

Ìbéèrè tó ní "jù lọ" nínú náà, ẹ fojú sí i, torí ọdún máa ń sọ ọ́ di àtijọ́. Afárá Third Mainland, tí wọ́n parí tí wọ́n sì ṣí ní 1990, gùn tó kìlómítà 11.8, òun ló gùn jù ní Áfíríkà nígbà náà. Ní 1996, wọ́n parí afárá 6th October ní Cairo, ìyẹn gbapò. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń kọ ọ́ kiri pé ti Èkó ló gùn jù.

Èyí tí wọ́n máa ń sọ nípa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wakọ̀ ní Nàìjíríà, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ohun tí obìnrin yẹn ṣe tó ní ẹ̀rí ju ọkọ̀ wíwà lọ. Òun ló ṣáájú àwọn obìnrin Abẹ́òkúta nígbà tí wọ́n kọ owó orí, tí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní oṣù Kìíní 1949. Ẹ béèrè ìyẹn.

Ọmọ Pópó Àgùdà

Tíṣà, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fi tiwa kún un, àwa ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìtàn tó dùn jù ló máa ń léwu jù. Gbogbo wa la gbọ́ ọ pé Candido da Rocha, olówó tó ni Water House ní òpópónà Kákáwá, ń fi aṣọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lọ fọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ìtàn ni. Ẹ jẹ́ kí bàbá àgbà máa sọ ọ́ nílé, ẹ má kọ ọ́ sí pátákó gẹ́gẹ́ bí òótọ́. Ohun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ dùn tó láyè ara rẹ̀: wọ́n kó bàbá rẹ̀, João Esan da Rocha, lẹ́rú lọ sí Brazil nígbà tó wà lọ́mọdé, ó gba òmìnira, ó kó ìyàwó àti ọmọ padà wá sí Èkó. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú omi tí wọ́n ń fà látinú kànga ilé náà tí àwọn ará Èkó ń rà.

Ẹ lè béèrè nípa mọ́sálásí Shitta-Bey náà ní Martins Street. "Kí ni ìtumọ̀ Bey tó wà nínú orúkọ yẹn?" Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orúkọ bàbá ni. Oyè ni. Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì ló fi dá Mohammed Shitta lọ́lá, wọ́n sì gbé e fún un lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí mọ́sálásí náà, ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 1894. Ẹni tó ya àwòrán ilé náà, João Baptista da Costa, Àgùdà ni, ìran àwọn tó padà wálé láti Brazil, ọmọ ìjọ Kátólíìkì. Ẹ rò ó wò: olówó mùsùlùmí láti Sàró (Sierra Leone), Àgùdà tó jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ọba Tọ́kì, gbogbo wọn sórí ilé kan ṣoṣo ní Èkó. Ẹni tó bá lọ wò ó, kó gbójú sókè wo bí wọ́n ṣe gbẹ́ òdòdó sára ògiri iwájú rẹ̀. Irú rẹ̀ náà ni ẹ máa rí lára àwọn ilé Àgùdà àtijọ́ tó ṣẹ́kù ní àdúgbò wa.

Akọ̀wé Àkókà

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń kọ wọ́n sílẹ̀. Tíṣà, ìbéèrè mi kan rèé: báwo ni kí n ṣe máa tò wọ́n tẹ̀ léra? Mo rí i pé tí mo bá ń mú un kọ̀ọ̀kan látibi gbogbo, kò ní yàtọ̀ sí ohun tó wà lórí WhatsApp.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Tíṣà ni ẹ bi, ẹ má bínú pé mo kọ́kọ́ dáhùn. Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ mí lógún jù.

Ẹ má fọ́n ìbéèrè ká. Ẹ mú ẹnì kan, kí ẹ tẹ̀ lé e láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kí ìdáhùn òní bí ìbéèrè ọ̀la. Èkó kéré nígbà náà, àwọn èèyàn ńlá inú rẹ̀ mọra wọn, wọ́n fẹ́ra wọn, wọ́n ná owó lórí iṣẹ́ ara wọn. Ọmọ tó bá rí bí wọ́n ṣe so mọ́ra kò ní gbàgbé. Mo máa mú Àìná fún yín.

Ọjọ́ Ajé: "Ọmọbìnrin Òkè-Ọ̀dàn wo ni wọ́n mú dé iwájú Ọbabìnrin Victoria ní 1850?" Àìná ni, èyí tí ìwé ń pè ní Sarah Forbes Bonetta. Ogun Dàhòmì kó ìlú rẹ̀ ní 1848, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Ọba Ghezo. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, dé ààfin Ghezo. Forbes bá ọba sọ ọ́ títí tó fi yọ̀ǹda ọmọ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ Forbes àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, Bonetta, ni wọ́n fi sọ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé mọ èyí dáadáa: orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n, orúkọ ẹni tó gbé e lọ àti ti ọkọ̀ tó gbé e ni. Àìná ni orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: "Ta ló fẹ́ Àìná?" James Pinson Labulo Davies ni, oníṣòwò Èkó, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sàró, tó ti wa ọkọ̀ ojú omi rí. Brighton ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kẹjọ 1862, wọ́n sì wá ń gbé ní Èkó. Àkọ́bí wọn ń jẹ́ Victoria, Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ ló ṣe ìyá ìsàmì rẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa Àìná ní Funchal, erékùṣù Madeira, ní 1880, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Davies gbé òkúta ìrántí ńlá kan kalẹ̀ fún un ní oko rẹ̀ ní Ìjọn, ìwọ̀-oòrùn Èkó, níbi tó ti gbin kòkó. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi kòkó ṣe oko ńlá ní ilẹ̀ wa.

Ọjọ́rú: "Ilé-ìwé wo ni Davies fún ní pọ́n-ùn 50 kí wọ́n fi ra ìwé àti ohun èlò?" CMS Grammar School, ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Oṣù Kẹfà 1859 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọmọkùnrin mẹ́fà péré ló bẹ̀rẹ̀, nínú ilé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cotton House ní Broad Street. Bàrígà ló wà báyìí. Ìtòsí yín nìyẹn, Akọ̀wé! Àwọn ọmọ kan tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yín lè jẹ́ ọmọ ilé-ìwé náà gan-an.

Ọjọ́bọ̀: "Ta ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé yẹn, ọmọ ta ló sì fẹ́?" Thomas Babington Macaulay. Ó fẹ́ Abigail, ọmọ Samuel Àjàyí Crowther. Níbí ni kí ẹ ti dúró díẹ̀, kí ẹ kọ ìlà méjì mẹ́ta sábẹ́ ìdáhùn. Ọmọ Òṣogùn ni Àjàyí, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ ẹrú tó gbé e dúró lórí òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Ìwé rẹ̀ lórí gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ọdún yẹn náà ló di àlùfáà. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà.

Ọjọ́ Ẹtì: "Ọmọ wo ni wọ́n bí sínú ilé yìí ní 1864, tí àwòrán rẹ̀ wá hàn lórí owó náírà kan?" Herbert Macaulay. Ọdún tí bàbá ìyá rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù gan-an ni wọ́n bí i. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Plymouth, ó padà wálé, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì di ẹni tí àwọn gómìnà kórìíra jù ní Èkó. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, Macaulay bá olóyè náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ Privy Council, wọ́n sì dá wọn láre ní 1921. Ní 1923 ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀. Ó kú ní 1946. Títì tí àwọn ọmọ ń gbà kọjá lójoojúmọ́, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ padà sọ́dọ̀ Victoria, ọmọ Àìná. Ó fẹ́ Dókítà John Randle ní 1890. Randle ló kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ sí Oníkan ní 1928 nítorí ó fẹ́ kí àwọn ọmọ Èkó mọ omi í wẹ̀. Ibẹ̀ ni John Randle Centre, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá, wà báyìí.

Ìyá Lẹ́sìn, Bàrígà

Ha! Ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ẹ kú iṣẹ́ o. N ó lo èyí fún àwọn ọmọ tèmi náà, ẹ yọ̀ǹda fún mi.

Àlàó Títẹ̀wé, Ṣómólú

Ẹ̀gbọ́n mi Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ èdè ni tèmi. Yorùbá ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì fi àmì sí i. Mo ń tẹ káàdì àti ìwé níbí lójoojúmọ́, mo mọ ìyà tí ọ̀rọ̀ tí kò lámì ń fi jẹ ẹni tó ń kà á. Tí ẹ bá kọ "oko Davies" sójú pátákó lásán, ṣé oko kòkó rẹ̀ ni, àbí ọkọ̀ ojú omi tó ń wà? Ó ní méjèèjì! Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ mìíràn fa àmì orí àti àmì abẹ́, ojú ọmọ á mọ̀ ọ́n láìpẹ́.

Ìbéèrè èdè tó wà lójú títì pọ̀. "Kí ló dé tí wọ́n fi t méjì kọ Ebute Metta?" Àkọtọ́ àtijọ́ ni. Ní 1875 àwọn CMS pe ìpàdé kan sí Èkó níbí lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, ọ̀nà yẹn la sì ń tọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ló sọ pé ká má kọ kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀ mọ́, tó sì sọ "aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn". Àwọn ìlú ti mọ́ orúkọ wọn lára, wọn ò yí pátákó padà. Ẹ wo Offa náà.

Ẹ béèrè ìṣirò Yorùbá náà. "Kí ni 45 ní Yorùbá, báwo la sì ṣe dé ibẹ̀?" Márùndínláàádọ́ta: ẹ mú márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, mẹ́wàá tó kúrò nínú ọgọ́ta ni. Ọgọ́ta sì ni ogún mẹ́ta. Mo ti rí ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa tí ẹnu yà á sí èyí.

Tàbí kí ẹ kọ wàkàtí, àlùbọ́sà, àdúrà àti àlàáfíà, kí ẹ béèrè èdè tí wọ́n ti wá. Lárúbáwá ni gbogbo wọn, àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà ilẹ̀ òkè ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìyá Ọlọ́jà, Òyìngbò

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀. Ẹ má gbàgbé àwa oníṣòwò o. Ẹfúnróyè Tinúbú ńkọ́? Gbogbo ọmọ Èkó mọ Tinúbú Square, wọn ò mọ̀ pé obìnrin ọlọ́jà ló ni orúkọ yẹn. Òun ló ní agbára tó bẹ́ẹ̀ tí aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ò fi sinmi títí Ọba Dòsùmú fi lé e kúrò ní Èkó ní 1856. Ó lọ sí Abẹ́òkúta, nígbà tí Dàhòmì gbógun dé ibẹ̀ ní 1864, ó kó ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun, wọ́n fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ẹ kọ orúkọ ìyá wa sí pátákó!

Tíṣà Àgbà, Yábàá

Ìyá Ọlọ́jà, ẹ wí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyókù kún un. Tinúbú ta ẹrú. Ó fi tábà, iyọ̀ àti ìbọn ṣòwò, ó fi èèyàn náà ṣòwò, bí ọ̀pọ̀ olówó ìgbà náà ṣe ṣe, lọ́kùnrin lóbìnrin. Tí Akọ̀wé bá kọ Àìná sí pátákó lọ́sẹ̀ yìí pé wọ́n kó o lẹ́rú, tó wá kọ Tinúbú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láìmẹ́nu ba òwò ẹrú, ọmọ tó bá gbọ́n máa béèrè ẹni tó ń ra àwọn ẹrú náà àti ẹni tó ń tà wọ́n. Ẹ jẹ́ ká ti kọ ọ́ síbẹ̀ kó tó béèrè. Ọmọ lè gbọ́ pé èèyàn kan lágbára, ó fẹ́ràn ìlú rẹ̀, ó sì ṣe ohun tí kò dáa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Kòsọ́kọ́ àti Akíntóyè, àwọn ọba méjì tó du ìtẹ́ Èkó. Tí ẹ bá béèrè ìdí tí Gẹ̀ẹ́sì fi yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, ìwé wọn á sọ pé nítorí àtidá òwò ẹrú dúró. Àwa mọ̀ pé wọ́n ń wá ọjà náà pẹ̀lú. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ 1861, wọ́n mú Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún wọn, nígbà tí ọkọ̀ ogun wọn wà nítòsí. Ẹ kọ ìdí méjèèjì sábẹ́ ìdáhùn.

Ìyá Ọlọ́jà, Òyìngbò

Mo gbà bẹ́ẹ̀, Tíṣà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ kí ẹ ṣáà kọ orúkọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Súrùlérè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà kún un. Àbúrò agbẹjọ́rò tí Tíṣà dárúkọ ni. Nígbà tí ilẹ̀ gbígbóná (smallpox) ń pa èèyàn ní agbègbè Èkó, ó fura sí àwọn kan nínú àwọn tó ń sin òrìṣà àrùn náà, pé àwọn ló ń tàn án ká. Ní 1897 ó wọ ẹgbẹ́ wọn lábẹ́lẹ̀, ó rí i pé ohun tí wọ́n ń ha láti ara aláìsàn ni wọ́n ń fi ràn án. Ohun tó rí níbẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìjọba fi òfin de ìsìn náà lẹ́yìn náà. Ní 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò láyé pátápátá. Dókítà tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu báyìí, ó yẹ kí ọmọ Èkó mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá máa béèrè rẹ̀, ẹ kọ "ilẹ̀ gbígbóná", torí àwọn àgbà kan ò ní fẹ́ kí ẹ pe orúkọ òrìṣà náà gan-an síta lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ Pópó Àgùdà

Ọ̀rọ̀ kan ló kù lọ́dọ̀ mi. Ẹnì kan á dé ọ̀dọ̀ yín tó máa ní ìdáhùn yín kò pé, pàápàá lórí ìtàn ìdílé. Ẹ má bá a jà. Ẹ fún un ní ìwé kékeré, kó kọ ohun tó mọ̀ àti ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìdílé púpọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ní ìtàn tí kò tíì wọ inú ìwé. Tó bá jẹ́ ọdún tàbí orúkọ ló ń jiyàn lé, ẹ wò ó ní ibi méjì tí kò da ara wọn kọ kí ẹ tó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ibi púpọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló jẹ́ pé ẹnì kan ló kọ ọ́, mẹ́wàá dà á kọ. Ìjọba Èkó ní ilé àkójọ ìwé àtijọ́ tirẹ̀, LASRAB, ní Mágòdò. Musíọ́ọ̀mù wà ní Oníkan. Ẹni tó bá lè dé Ìbàdàn, ilé ìwé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì níbẹ̀.

Akọ̀wé Àkókà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀, Àìná ni mo fi ń ṣí i. Àlàó, ṣé ẹ lè bá mi tẹ ìdáhùn ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí káàdì pélébé, kí àwọn ọmọ lè mú un lọ sílé?

Àlàó Títẹ̀wé, Ṣómólú

Mo lè ṣe é. Páálí funfun ló dáa, ìdajì ìwọ̀n káàdì ìgbéyàwó, kó lè wọ àpò yunifọ́ọ̀mù. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí Ọjọ́bọ̀ tó pé. Bí àmì bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ fi í sílẹ̀, èmi á fi sí i. N ó dá a padà kí ẹ kà á kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀.